Nígbà Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Gba Èsì

Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ rí rédíò kò pè é ní rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é: ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi orúkọ yìí rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àìmọ̀ ló mú àwọn àgbà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Mo gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá kí ọ, wàá dá a lóhùn. Ẹni tó bá bú ọ, o lè bú u padà. Ọba pàápàá tó pàṣẹ, àwọn ìjòyè wà tí wọ́n lè ní kó tún ọ̀rọ̀ náà wò (òótọ́ ni pé Kábíyèsí túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó lè bi í, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì máa ń bi í, tó bá sì le, wọ́n á bi í débi tí kò ní fẹ́). Àpótí yìí nìkan ló wọlé láàárọ̀, tó sọ tẹnu ẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tó wù ú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e wá. Oṣù Kejìlá 1932 ni BBC ní London bẹ̀rẹ̀ ètò Empire Service, tí wọ́n fi ń bá àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso sọ̀rọ̀. Ní 1935, ìjọba amúnisìn gbé e wọ inú ilé àwọn èèyàn l'Ékòó. Àwọn P and T, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹligíráàmù, ni wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀. Wáyà ni wọ́n nà láti ibùdó kan dé ilé ẹni tó bá lè sanwó oṣù, wọ́n á so àpótí kékeré kan mọ́ ògiri, ó parí. Rẹdifúṣọ̀n nìyẹn. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí náà kò ní ibi tí èèyàn lè yí láti wá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ohùn nìkan lo lè yí, kó lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Ohun tí London bá sọ, tàbí ohun tí ìjọba Èkó bá fi kún un, ni wàá gbọ́. Tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, pa á. Owó oṣù sì ń lọ.

Ìtàn rédíò nílẹ̀ wa, bí mo ṣe rí i, ìjà lórí èsì ni. Àwa tí a wà ní ọgbà fásitì kò mọ̀ pé ìjà náà ti wọ ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó wọlé. A ń gbọ́ rédíò ọgbà láàárọ̀, a ń fi í wẹ̀, a ń fi í lọ aṣọ, a ń fi í dúró de kíláàsì aago mẹ́jọ, a rò pé orin ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí 1953. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ di wàhálà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group jáde kúrò ní ìjókòó. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi níwájú gbogbo ìlú. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n ní rárá. Ẹ kíyè sí i o. Agbẹjọ́rò ni, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ni, ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Síbẹ̀ àpótí náà kò gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe gba èsì lọ́wọ́ ìyá alákàrà.

Nígbà tí òfin ìlú ti 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn kò jáfara. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, rédíò WNBS sì tẹ̀lé e ní 1960. Wọ́n ní àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àwọn ará Mòrókò tó ti gbìyànjú tẹlifíṣọ̀n ní 1954 lè bá wa jiyàn lórí ìyẹn, kò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni pé èsì tí Awólọ́wọ̀ rí gbà, èsì ìjọba sí ìjọba ni. Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn rí àpótí tirẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ l'Ọ́jàa'ba kò rí nǹkan kan ju pé ó ń gbọ́ Yorùbá nínú àpótí náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìgbọ́ ni, kì í ṣe èsì.

Ilé-iṣẹ́ yẹn kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tí ẹnì kan mú ìbọn wọlé. Oṣù Kẹwàá 1965 ni, lẹ́yìn ìbò tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn. Ó ní kí wọ́n yọ tépù ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, tó jẹ́ Olórí Ìjọba ẹkùn nígbà náà, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ náà, kóòtù sì dá a sílẹ̀. Bóyá ẹ gbà pé ohun tí ẹni náà ṣe dára o, bóyá ẹ ò gbà o, ẹ ṣáà wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Ilé tí wọ́n kọ́ torí pé wọn ò jẹ́ kí ẹnì kan fèsì, òun náà ló di ibi tó jẹ́ pé ìbọn ni èèyàn fi ń tọrọ àyè èsì.

Àwọn ológun kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn kíákíá. Ẹni tó bá fẹ́ gbàjọba, ilé rédíò ni yóò kọ́kọ́ lọ. Dimka lọ síbẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976, ọjọ́ tí wọ́n pa Murtala. Orkar àtàwọn tirẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1990. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i pé ìjọba Nàìjíríà ń wo ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kékeré bí ẹni ń wo àgbá ìbọn, ẹ má rò pé wèrè ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí àwọn fúnra wọn fi í ṣe rí.

Ìjọba Babangida ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ní 1992, pẹ̀lú Òfin Ológun nọ́ńbà 38, tó dá àjọ NBC sílẹ̀. (Ẹ má fi í pe NBC ti 1957 o. Tàkọ́kọ́ ni ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, tèkejì yìí ni àjọ tó ń bójú tó gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ó jọ pé lẹ́tà mẹ́ta yẹn dùn mọ́ wọn lẹ́nu.) Láti ìgbà náà ni aládàáni ti lè ní rédíò, RayPower 100.5 sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn, l'Ékòó, ní 1994. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn, orin ń dún tọ̀sán tòru. Àmọ́ ẹ wo inú òfin náà. Àjọ yóò gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ mínísítà sí Ààrẹ. Ààrẹ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ wo orílẹ̀-èdè yìí bó ṣe tóbi tó, kó tún wá jẹ́ pé àfi kí Ààrẹ fọwọ́ sí i kí ará abúlé kan tó lè kí ara wọn lórí rédíò. Ẹni tó lówó tó sì mọ ọ̀nà Abuja lè dúró de ìyẹn. Ta ló tún kù?

Ní ọdún yẹn náà, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, àwọn kan ń gba ọ̀nà mìíràn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa wọn, nítorí pé ọgbà fásitì wà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn náà. Ní Cape Town, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́ fásitì kan fún àwọn tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ mìíràn, wọ́n sọ ọ́ sí ìgbẹ́, jìnnà sí ìlú. Àwọn èèyàn fi ìgbẹ́ náà sọ ọ́ lórúkọ: Bush. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan níbẹ̀ rí i pé rédíò gbogbo wà lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò sì ní fún wọn láyè. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì: ọ̀rọ̀ àwọn olórí tí ìjọba fòfin dè, ewì, orin, ìròyìn àdúgbò. Wọ́n ń dà á kọ, wọ́n ń pín in kiri bí ẹni ń pín oògùn. CASET lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Rédíò tí kò ní òpó ni, ọwọ́ sí ọwọ́ ló ń gbà.

Láti inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni Bush Radio ti jáde. Wọ́n béèrè ìwé àṣẹ, ìjọba ò fún wọn. Ní oṣù Kẹrin 1993, wọ́n tan ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Àwọn agbófinró dé, wọ́n kó ẹ̀rọ lọ, wọ́n sì gbé àwọn méjì lọ sí kóòtù, àmọ́ ariwo àwọn ará ìlú pọ̀ débi pé wọ́n padà fa ẹjọ́ náà tì. Nígbà tí ìjọba yí padà, wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní gbangba ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1995. Títí di òní, ìyá rédíò àwùjọ ní Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. Òfin tiwọn ti 1993 pín rédíò sí mẹ́ta gedegbe: ti gbogbo ìlú, ti oníṣòwò, ti àwùjọ. Òfin tiwa ti 1992 ní ìjọba lọ́kàn, ó ní olówó lọ́kàn. Àwọn tó kù dúró síta.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn láti 1966. Ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko ni wọ́n fi kọ́ wọn ní iṣẹ́ rédíò láìsí ìwé àṣẹ kí ọgbà náà ní rédíò tirẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ìlù lórí tábìlì. Ní 2002, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n ní tiwọn, òun sì ni fásitì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó rí i gbà. Ní 2004, 103.1 FM bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti Akọkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: Diamond FM 101.1 n'Ìbàdàn, Great FM 94.5 n'Ífẹ̀, Unilorin FM 89.3, LASU 95.7, FUTA 93.1 l'Ákùúrẹ́, àti àwọn mìíràn.

Ẹ̀rù tí ìjọba ń bà kọ́ ló tán. Kíláàsì ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kó jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ṣẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ fún èrè, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti òṣèlú, kí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ má sì pọ̀. Rédíò tí yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ọgbà, fún ọgbà. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni. Ẹni tó ń bẹ̀rù kìnnìún lè gbà kí wọ́n sin ọmọ ológbò.

Ohun kan ni wọ́n gbàgbé: ìgbì rédíò ò mọ fẹ́ǹsì. FM ń lọ síbi tí ojú òpó rẹ̀ bá tó. Bí òpó bá ṣe ga tó, tí nǹkan ò sì dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lọ tó, bí ẹ̀rọ tiẹ̀ kéré. Ẹ gbé òpó kan dúró l'Ákọkà, Bárígà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, Ṣómólú wà níbẹ̀, Ìwáyà wà níbẹ̀, Yábàá ò jìnnà. Ọ̀sà nìkan ló wà lápá kejì, ọ̀sà kì í sì í dí ìgbì lọ́wọ́. Télọ̀ tó wà ní Bárígà kò béèrè pé ṣé ọgbà ni wọ́n ń bá wí. Ó yí rédíò, ó gbọ́ ohùn tó yé kooro, ó fi í síbẹ̀.

Nǹkan kejì tún ṣẹlẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà yẹn, a ò gbàgbé, èèyàn á sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò ọgbà àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004, fóònù ti ń wọ ọwọ́ télọ̀, ti wọ ọwọ́ ọlọ́kadà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ bá rédíò sọ̀rọ̀ á kọ lẹ́tà, á ra sítáǹbù, á retí. Ó lè gba oṣù kan kí wọ́n tó ka orúkọ rẹ̀. Nísinsìnyí atọ́kùn ètò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, fóònù ti ń dún lórí tábìlì. Asọ̀rọ̀mágbèsì tó ti wà láti 1935 bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì. Kò sẹ́ni tó ṣe ayẹyẹ fún un, èmi ò tíì rí ìwé kan tó pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ńlá. Èmi pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún sáà méjì ní rédíò ọgbà kan tí mi ò ní dárúkọ. Ètò Yorùbá ni wọ́n fún mi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣì ń sùn. (Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ní ìyókù ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè wá, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni wọ́n ti ń pè: fọgànáísà, ìyá onírẹsì, bàbá ọlọ́dẹ kan tó máa ń kí wa kó tó lọ sùn.

Ní Sátidé kan, ọ̀rọ̀ òwe la ń sọ. Obìnrin kan pè. Ó kí wa dáadáa, ó ṣàdúrà fún wa pé a ó gbẹ̀yìn ìwé wa. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yìn ògiri yín ni mò ń gbé. Omi ilé ìwẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ló ń ṣàn wọ àdúgbò wa. Ó ti wọ yàrá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ká lọ bá?" Kí n tó la ẹnu, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti gé fóònù, orin ti ń lọ. Fújì ni. Ó fọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé ká máa bá òwe lọ.

Obìnrin náà fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Mo ṣì rántí bó ṣe kọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: e ti gbe orin di mi lenu. Mo kà á sórí afẹ́fẹ́ kí ètò tó parí, mo sì sọ orúkọ àdúgbò náà. Ní Mọ́ńdè, òṣìṣẹ́ méjì láti ẹ̀ka tó ń tún ọgbà ṣe lọ wo gọ́tà náà. Ní Túsìdeè, ìwé kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sítúdíò pé àwọn tó ń pè láti ìta kò gbọdọ̀ sọ ju ìkíni àti orin tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lọ. Ọjọ́ méjì yẹn tẹ̀ léra wọn. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó rán àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ àti ẹni tó ní kí wọ́n lẹ ìwé náà lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí kò fẹ́ ni kí gbogbo èèyàn máa gbọ́ ọ papọ̀.

Ọ̀rọ̀ rédíò ọgbà nìyẹn, ibẹ̀ ló sì le sí. Ìjọba gbé e fún fásitì. Fásitì ló ni ìwé àṣẹ, fásitì ló ń ra dísù. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sí lára àwọn tó ń pinnu ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, tí gbogbo wa wà nílé, ẹ bi ara yín pé kí ni rédíò ọgbà tiyín sọ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó pe olùkọ́, tó pe akẹ́kọ̀ọ́, tó pe òbí, tó jẹ́ kí wọ́n jọ sọ ọ́, ẹ fún un ní ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i. Bí orin nìkan lẹ gbọ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí orin ń ṣe nígbà mìíràn.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé rédíò ọgbà nìkan kò tó, pé àwọn ará àdúgbò náà gbọ́dọ̀ ní tiwọn, tí ẹnikẹ́ni ò ní gé fóònù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2003, wọ́n kóra jọ pọ̀ di ẹgbẹ́ tó ń jà fún rédíò àwùjọ ní Nàìjíríà. Ní 2006, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti kọ ìlànà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alfred Opubor sì ni alága rẹ̀. Ẹ ẹ́ rántí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ti Yunifásítì Èkó tí mo dárúkọ lókè? Opubor ti ṣe olórí ẹ̀ka yẹn rí. Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ tiẹ̀ láàárín ọdún náà. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Oṣù Kẹwàá 2010 ni Ààrẹ Jonathan tó kéde pé òun fọwọ́ sí i kí rédíò àwùjọ wà. Opubor kú ní 2011. Ọdún 2015 ni ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ tó jáde fún àwọn àwùjọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún méjìlá láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, ogún ọdún gbáko lẹ́yìn Bush Radio. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, fásitì ń rí ìwé àṣẹ gbà. Ìlú tó bí àwọn ọmọ fásitì ò rí i gbà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé kí ló kù nínú rédíò, ṣebí gbogbo èèyàn ló ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó gbé e síbẹ̀. Ẹni náà kò tíì ra détà fún ìyá rẹ̀ rí. Rédíò tó ń lo bátìrì méjì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kì í béèrè détà. Èyí tó sì tún ṣe pàtàkì ni pé gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ gọ́tà tí obìnrin yẹn sọ, bó bá kọ ọ́ sórí Facebook, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a kẹ́dùn. Lórí rédíò, ẹni tó ni gọ́tà náà wà lára àwọn tó ń gbọ́.

Ìṣòro tó ń pa ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe fún èrè kò ní ariwo nínú bíi ti ìṣèlú. Dísù ni. Iná mànàmáná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde kì í sinmi, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá rẹ̀ kó má baà gbóná jù. Oníṣòwò á fi owó ìpolówó ọjà ra dísù. Ilé-iṣẹ́ ọgbà á kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì búsà. Kí lẹ́tà náà tó lọ kó tó bọ̀, wọ́n ti dín wákàtí kù: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ́, wọ́n á tètè tì. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ètò òwúrọ̀ Sátidé ló kọ́kọ́ lọ.

Ohun mìíràn tún ń dùn mí, òun ni mo sì fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín. Ohùn àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn ń lọ. Kọ̀ǹpútà tí a fi gba ètò sílẹ̀ kún, wọ́n á ní kí a pa ti àtijọ́ rẹ́ kí ti tuntun lè ráyè. CD ti há, kásẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ pọ̀. Àwọn ará CASET fi kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, àwa fi tiwa nu ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní rédíò ọgbà èyíkéyìí, tàbí tí ẹ pe ètò kan tí ẹnì kan nílé gbà á sílẹ̀, tàbí tí bàbá yín ṣì ní àpótí rẹdifúṣọ̀n lára ògiri, bó tiẹ̀ ti kú, ẹ gbé e wá sí yàrá tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe ìpàdé, ní ọjọ́rú, lẹ́yìn aago mẹ́rin. A ó dà á kọ, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì dá a padà fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ọdún sí ara rẹ̀ bí ẹ bá rántí. Bí ẹ ò bá rántí ọdún, ẹ kọ orúkọ ètò náà, a ó jọ wá a.